Bí A Ṣe Jí Ẹ́ńjìnì 911 Bàbá Àgbà Lẹ́yìn Ọdún 13

Ẹ̀yin tí dátà yín ti fẹ́ tán, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú dáńfó tí ariwo pọ̀, a ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí sílẹ̀ fún yín níbí.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín. Ta ni kò ní ọkọ̀ tó ti kú sẹ́yìn ilé bàbá ẹ̀? Ó lè jẹ́ Peugeot 504, ó lè jẹ́ Volkswagen tí wọ́n fi ń gbé yín lọ sílé ìwé, ó lè jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ńlá tí wọ́n fi tapólì bò. Adìẹ ti ń yé ẹyin sínú ẹ̀. Gbogbo ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ẹnì kan á ní, "A máa tún un ṣe tó bá yá." Kì í sì í yá.

Tiwa náà wà ńbẹ̀. Lọ́rì ni, 911.

Lọ́rì abẹ́ igi máńgòrò

Bàbá tó bí màmá mi, awakọ̀ ni wọ́n. Oǹdó ni ilé wọn wà. Mercedes 911 yìí ni wọ́n fi tọ́ ọmọ mẹ́fà. Kòkó ni wọ́n ń fi í kó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó nígbà tí bọ́ọ̀dù ìjọba ṣì ń ra kòkó. Nígbà tí ìjọba fagi lé àwọn bọ́ọ̀dù yẹn lọ́dún 1986, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó pákó. Ní 2011, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wa ọkọ̀ náà wọlé, wọ́n pa á sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, wọn ò sì wà á mọ́.

Lẹ́yìn ọdún 13, dókítà sọ fún wa pé ohun funfun tó bo ojú wọn ṣe é yọ. Iṣẹ́ abẹ lásán ni, kò sì ní pẹ́. Owó ni kò sí. Ni ẹ̀gbọ́n màmá mi bá pe àwọn onírin kọ̀ǹdẹ́mù. Wọ́n wá wo lọ́rì náà, wọ́n dá iye lé e bí ìwọ̀n irin tó wà lára ẹ̀, wọ́n ní àwọn máa padà wá lọ́jọ́ Sátidé láti fi gáàsì gé e sí wẹ́wẹ́. Owó tí wọ́n pè ò tó ojú kan.

Ṣùgbọ́n bàbá kan tó ń ta pákó ládùúgbò náà sọ fún màmá mi pé, "Tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, mo máa fún yín ní ìlọ́po mẹ́ta."

Tó bá ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi kúrò n'Íbàdàn lọ́jọ́ Tusidé, pẹ̀lú báàgì aṣọ kan àti maikirofóònù mi.

Kí lò ń jẹ́ 911 gan-an?

Ọ̀pọ̀ wa la mọ orúkọ yìí tá ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Bí àwọn ará Jámánì tó ṣe é ṣe ń fún ọkọ̀ wọn lórúkọ nígbà yẹn nìyí: 9 dúró fún ìwọ̀n ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù ẹ̀, bíi tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án. 11 dúró fún agbára ẹ́ńjìnì, bí agbára ẹṣin 110. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ tún fi ń rí 1113: tọ́ọ̀nù 11, agbára ẹṣin 130.

Ẹ́ńjìnì tó wà níwájú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní OM 352. Sílíńdà mẹ́fà ló ní, wọ́n tò ní ìlà kan, díísù ló sì ń mu. Kò ní kọ̀ǹpútà kankan lára. Ohun tó jẹ́ kó ṣe é jí nìyẹn. Òun náà ló jẹ́ kó léwu, bẹ́ ẹ ṣe máa gbọ́ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan, torí gbogbo ìtàn yìí dá lé e lórí. Ẹ́ńjìnì pẹtiróò máa ń fi púlọ́ọ̀gì ṣáná. Díísù ò ní púlọ́ọ̀gì. Rudolf Diesel, ará Jámánì tó ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní Augsburg lọ́dún 1897, ló ronú pé tá a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an, ooru ẹ̀ nìkan tó láti dáná. Nínú OM 352, písítìnì máa ń fún afẹ́fẹ́ títí á fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́tàdínlógún. Ooru ẹ̀ á ju 500°C lọ. Nígbà náà ni nọ́sù á fọ́n díísù díẹ̀ sínú ẹ̀, iná á ràn.

Nǹkan méjì péré ló wà níbẹ̀ nígbà náà: afẹ́fẹ́ tí a fún dáadáa, àti díísù tó mọ́ tó dé lásìkò. Ẹ́ńjìnì tó bá ní méjèèjì á ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ èkejì ẹ̀: tí díísù ò bá dáwọ́ dúró, ẹ́ńjìnì náà ò ní dáwọ́ dúró. Ẹ máa rántí ibí yìí.

Ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́

Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n màmá mi ti yá bátìrì lọ́wọ́ aládùúgbò kan, wọ́n ti gbé e sórí àga, wọ́n ti ń wá wáyà. Bàbá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ tí irin ń kan irin. Wọ́n pariwo: "Ẹ má sítáátì ẹ̀ o! Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Bàbá mẹkáníìkì tó ti ń tún ọkọ̀ wọn ṣe látọjọ́ tó ti pẹ́ ló wá ṣàlàyé fún wa. Ẹni bí ọdún 70 ni wọ́n, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì ló tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n ní tí ẹ́ńjìnì bá dúró fún ọdún púpọ̀, ọ́ìlì tó wà lára ògiri sílíńdà á ti ṣàn wálẹ̀ tán. Irin á wá wà níhòhò. Ọ̀rinrin á wọlé, ìpẹtà á mú ríìngì písítìnì mọ́ ògiri. Tẹ́ ẹ bá wá fi bátìrì tó lágbára yí i lójijì, ríìngì lè kán, bẹ́rìn lè jẹ. Èyí tó tún burú jù ni tí omi bá ti wà lórí písítìnì. Omi kì í ṣe é fún bí afẹ́fẹ́. Písítìnì á gbéra sókè, á kan omi, irin tó gbé písítìnì dúró á tẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ẹ́ńjìnì tó yẹ kó tọ́jú ìdílé ti di irin kọ̀ǹdẹ́mù lóòótọ́.

Torí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ yọ bátìrì, kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sápò ẹni tó lè mú sùúrù.

Wíwò àti kíka ọ́ìlì

A ṣí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì. Eku ti kọ́lé sórí ẹ́ńjìnì, wọ́n ti jẹ wáyà mélòó kan. A fi igi gígùn tú ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, torí ibi tí eku bá wà, ejò kì í jìnnà. Ọmọ iṣẹ́ fi òkúta há táyà mọ́lẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n sì fi jíà sí fírì.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá mẹkáníìkì fa gééjì ọ́ìlì yọ. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti mú ẹ̀kọ́ fún ọkọ̀ èyíkéyìí. Tí ọ́ìlì bá dúdú, kò burú. Tó bá funfun bíi tíì oní mílíìkì, omi ti wọ inú ẹ̀. Tó bá ń rùn bíi díísù, epo ti jò sínú ẹ̀.

Tiwa dúdú lórí gééjì, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀, wọ́n rọra tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Omi ló kọ́kọ́ jáde, bí ìdajì ife, kí ọ́ìlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, gééjì ò lè rí i. Ṣé omi rèdíétọ̀ ló jò wọlé ni, àbí ìrì ọdún 13? Wọ́n ṣí rèdíétọ̀, wọ́n rí i pé omi ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, wọ́n ní ìrì ni. A da ọ́ìlì tuntun sí i, a pààrọ̀ fílítà ẹ̀.

Nọ́sù mẹ́fà àti kámẹ́rà fóònù mi

Nírọ̀lẹ́ Tusidé, wọ́n tú nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ihò tí nọ́sù fi sílẹ̀ ni ọ̀nà tó lọ tààrà sínú sílíńdà. Ibẹ̀ ni mo ti wúlò díẹ̀. Mo ní kámẹ́rà tín-ín-rín kan tí mo rà ní Computer Village n'Íkẹjà, èyí tó ń so mọ́ fóònù, tó ní iná lẹ́nu. A tì í bọ ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé sì péjọ sídìí fóònù mi bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Sílíńdà márùn-ún dán. Ẹ̀kẹrin ní ìpẹtà pupa lára ògiri ẹ̀.

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, bí ọkọ̀ ṣe kú lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn ìyẹn ló ṣí sílẹ̀." Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nígbàkigbà tí ẹ́ńjìnì bá dúró, fáàfù àwọn sílíńdà kan máa ń wà ní ṣíṣí. Ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ń gbà wọlé látinú sàlẹ́ńsà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa ọkọ̀ tì fún ìgbà pípẹ́, ẹ fi ọ̀rá dí ẹnu sàlẹ́ńsà àti ẹnu ibi tó ń gbà fa afẹ́fẹ́. Kẹ́ ẹ sì so ìwé kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ má baà gbàgbé pé ẹ dí i.

Wọ́n po ọ́ìlì ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ díísù ní ìdajì-ìdajì, wọ́n da bíi ṣíbí ìjẹun méjì sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, wọ́n da díẹ̀ sí i fún ẹ̀kẹrin. Wọ́n fi àkísà tó mọ́ dí àwọn ihò náà, wọ́n ní ká lọ sùn.

Mo bi wọ́n pé, "Ìgbà wo la máa yí i?"

"Ọ̀túnla."

Sátidé ń bọ̀, mo ti ń ka wákàtí. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àṣìṣe tèmi

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, wọ́n ní kí n kó àwọn nọ́sù lọ sọ́dọ̀ kalibrétọ̀. Fún ẹ̀yin ọmọ Èkó tẹ́ ò mọ̀ wọ́n, àwọn ni oníṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ wo bí nọ́sù ṣe ń fọ́n epo. Nọ́sù tó dáa máa ń fọ́n bí ìkùukùu. Èyí tó bàjẹ́ á máa kán tó, tó. Méjì nínú tiwa ń kán.

Bàbá mẹkáníìkì tún sọ pé ká tú pọ́ǹpù tó ń pín díísù fún àwọn nọ́sù, ká gbé e lọ pẹ̀lú wọn. Mo béèrè iye tó máa jẹ́, mo sì ka owó ọwọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ bẹ́ẹ̀." Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Kò burú. Owó yín ni."

Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ kọjú sí táńkì. Díísù ọdún 13 kì í ṣe díísù mọ́. Òórùn ẹ̀ dà bíi ti kùn àtijọ́. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní nǹkan dúdú kan tó ń yọ̀ bí ilá. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni: àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí máa ń gbé láàárín omi àti díísù, wọ́n sì máa ń bí sí i. Tí ìyẹn bá dé inú fílítà, ó parí. Wọ́n da gbogbo ẹ̀ nù, wọ́n gbé táńkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti fọ̀ ọ́ nígbà tó bá yá. Dípò ẹ̀, wọ́n fi okùn so kẹ́ẹ̀gì tuntun kan tí díísù mímọ́ wà nínú ẹ̀ sókè, wọ́n fi họ́òsì tuntun so ó mọ́ ẹ́ńjìnì, wọ́n pààrọ̀ fílítà. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún yín náà: ẹ má da epo tuntun lé epo àtijọ́ lórí láé.

Rẹ́wáyà náà wá. Kó tó so bátìrì kankan, ó nu eruku kúrò lára kíkì, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i, bóyá fóòtì 12 ni tàbí 24, torí àwọn lọ́rì yìí ò rí bákan náà. Ó pààrọ̀ àwọn wáyà tí eku jẹ.

Títan ọwọ́

Lọ́jọ́ Tọ́sidé, Bàbá mẹkáníìkì ti spánà ńlá bọ nọ́ọ̀tì tó wà lórí kíránkì níwájú ẹ́ńjìnì. Wọ́n fà á. Kò mira. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní kí wọ́n fi páìpù gùn ún lórí kí agbára lè pọ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n fà á síhìn-ín díẹ̀, wọ́n tì í sọ́hùn-ún díẹ̀. Wọ́n tún da ọ́ìlì sí ẹ̀kẹrin. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi. Wọ́n tún fà á.

Lẹ́ẹ̀kẹta, a gbọ́ ìró kan: "kìn-ín." Bẹ́ẹ̀ ni spánà náà rìn bí ìka méjì. Mo ní ìró yẹn nínú ohùn tí mo gbà sílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ tí ẹ bá ní dátà. Bàbá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ó ti tú."

Wọ́n yí i dé òpin lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejì ni kíránkì gbọ́dọ̀ yí kí gbogbo sílíńdà tó parí iṣẹ́ wọn: kí wọ́n fa afẹ́fẹ́, kí wọ́n fún un, kí iná ràn, kí wọ́n tu èéfín síta. Tó bá yípo lẹ́ẹ̀mejì tí kò há níbì kankan, ara ẹ̀ dá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá so bátìrì, pẹ̀lú àwọn ihò nọ́sù ní ṣíṣí, wọ́n sì ní ká kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ́ìlì tó wà nínú sílíńdà fò jáde bí ẹ̀tù. Wọ́n fi kíkì yí i fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, wọ́n sinmi, wọ́n tún yí i, títí ọwọ́ gééjì ọ́ìlì nínú ọkọ̀ fi gbéra. Ìdí nìyí: kí ọ́ìlì lè dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé kí iná tó ràn rárá.

Afẹ́fẹ́ inú páìpù

Láàárọ̀ Fúráìdé, nọ́sù padà sáyè wọn pẹ̀lú wọ́ṣà tuntun. Ó wá kan blíìdì. Tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù díísù, ẹ́ńjìnì ò ní ṣiṣẹ́, torí pọ́ǹpù á kàn máa fún afẹ́fẹ́ náà ni, epo ò ní dé iwájú. Ọmọ iṣẹ́ tú nọ́ọ̀tì kékeré orí fílítà díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré. Ìfófòó ń jáde. Nígbà tó di epo lásán, ó dì í. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lára pọ́ǹpù ńlá. Ní ìparí, wọ́n tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù kọ̀ọ̀kan díẹ̀, wọ́n fi kíkì yí ẹ́ńjìnì títí epo fi rọ̀ jáde, wọ́n sì dì í.

Ẹ má fi ọwọ́ sún mọ́ ibi tí epo ti ń fọ́n jáde látinú páìpù nọ́sù o. Agbára ẹ̀ lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ojú egbò á kéré, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn.

Pákó

Kí wọ́n tó sítáátì, Bàbá mẹkáníìkì tú họ́òsì tó gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì. Wọ́n gé pákó pẹlẹbẹ kan, wọ́n dì í mọ́ ọmọ iṣẹ́ àgbà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Dúró síbí. Tí mo bá ní 'Dí i,' dí i."

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tẹ kíkì. Ẹ́ńjìnì yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, èéfín funfun tú jáde, ó dá, "gbì", ó gbà. Gbogbo wa hó. Màmá mi ń jó.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́yìn náà, ohùn náà yí padà. Ó ń ké sí i. Kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan tọ́rótù. Ó ń ké, ó ń gbọ̀n, gbogbo ara lọ́rì ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n màmá mi fa ohun tí wọ́n fi ń pa á, kò kú.

"Dí i!"

Ọmọ náà gbé pákó lé ẹnu ihò afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnì náà mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ó sì kú.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Ẹ rántí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ rántí. Nínú pọ́ǹpù ńlá yẹn, irin kan wà tó ń lọ tó ń bọ̀, òun ló ń pinnu iye díísù tí nọ́sù máa gbà. Epo àtijọ́ ti gan mọ́ ọn lára. Ó há síbi tí epo ti pọ̀ jù. Tí pákó yẹn ò bá sí, ẹ́ńjìnì á máa sáré sí i títí á fi fọ́, irin ẹ̀ á sì lè fò lu ènìyàn. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ dí i o, ẹ má fi aṣọ dí i, ó máa fà á wọlé. Ohun tó le, tó pẹlẹbẹ, ni.

Bàbá mẹkáníìkì ò bínú sí mi. Wọ́n kàn ní, "Ṣé o ti rí ìdí tí mo fi ní ká gbé pọ́ǹpù lọ?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí bó ṣe jókòó kí wọ́n lè dá a padà síbi tó wà gan-an, wọ́n tú u, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ kalibrétọ̀. Ó ní Mọ́ńdè ló máa parí.

Sátidé

Àwọn onírin kọ̀ǹdẹ́mù dé ní aago mẹ́jọ pẹ̀lú sílíńdà gáàsì wọn. Lọ́rì wà níbẹ̀ láìní pọ́ǹpù, láìní táńkì. Òótọ́ ni pé ó jọ òkú. Ẹ̀gbọ́n màmá mi wo ilẹ̀. Ó ní bóyá ká gba ohun tí wọ́n bá fún wa, torí owó tí a ti ná náà ń pọ̀ sí i.

Bàbá àgbà dìde. Wọ́n fi ọwọ́ tọ ògiri wá síta, wọ́n ní kí n mú àwọn dé ìdí ọkọ̀. Wọ́n fọwọ́ kan bọ́ńnẹ́ẹ̀tì. Wọ́n sọ fún àwọn ọkùnrin náà pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lánàá. Ẹ máa lọ."

Wọ́n lọ.

Mọ́ńdè

Pọ́ǹpù dé, wọ́n dá a padà sáyè, wọ́n blíìdì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ iṣẹ́ tún dúró pẹ̀lú pákó. Lẹ́yìn kíkì kẹta, ó gbà. Èéfín funfun, lẹ́yìn náà búlúù díẹ̀, lẹ́yìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ẹ kọ èyí sílẹ̀: èéfín funfun, epo tí kò jó ni, búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó rọra ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ gééjì ọ́ìlì dúró dáadáa. Wọ́n fa ohun tí wọ́n fi ń pa á, ó kú. Wọ́n tún tàn án.

Bàbá àgbà yí etí sí i. Wọ́n ní, "Tápẹ́ẹ̀tì kan ń sọ̀rọ̀, níwájú." Bàbá mẹkáníìkì ṣí i wò nígbà tó tutù. Ti sílíńdà àkọ́kọ́ ló tú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ ti di ọkọ̀ tó lè rìn. Ẹni tó rà á ní láti pààrọ̀ gbogbo táyà, torí rọ́bà máa ń gbó bí ò tiẹ̀ rìn, ó sì ní láti tú bíréèkì látòkèdélẹ̀. Wọ́n sì ní kó tètè da ọ́ìlì tuntun yẹn nù, torí ó ti fọ ìdọ̀tí ọdún 13 kúrò nínú ẹ́ńjìnì.

Tí tiyín kì í bá ṣe lọ́rì

Bákan náà ló rí. Fún ọkọ̀ pẹtiróò, púlọ́ọ̀gì lẹ máa tú dípò nọ́sù, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ síbẹ̀, ẹ dúró, ẹ fọwọ́ yí i. Ẹ da epo àtijọ́ nù. Jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tàn án níta gbangba. Olóró inú èéfín ẹ̀ ò ní òórùn tó máa kìlọ̀ fún yín kó tó pa ènìyàn nínú yàrá. Kẹ́ ẹ sì pe oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n. Tó bá ní kẹ́ ẹ gbé pọ́ǹpù lọ, ẹ gbé e lọ.

Onípákó náà mú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣẹ. Lẹ́yìn tí a san owó gbogbo oníṣẹ́, ohun tó kù tó ojú kan. Wọ́n ṣe ti ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n ṣí i, Bàbá àgbà wò mí fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, "Báyìí lo ṣe ga tó?" Ojú òsì, a ṣì ń fi owó jọ.

Ó kàn yín. Ọkọ̀ wo ló wà lẹ́yìn ilé yín, ta ló sì wà á kẹ́yìn? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ, a máa gbé díẹ̀ nínú ẹ̀ síta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ṣe é fún ẹlòmíì náà kó gbọ́. Ó dàbọ̀ o.